Ta Ló Ń Gbé Àwòrán Rìn?

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, torí pé ọ̀rọ̀ òkú àti ọ̀rọ̀ ojú ni mo gbé wá lónìí. Ẹ lọ síbi ìnáwó òkú àgbà ní Ọ̀fà, ì báà jẹ́ àpèjẹ lẹ́yìn àdúrà fídáù, ì báà jẹ́ ìsìnkú àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì. Bó pẹ́ bó yá, wọ́n á ta aṣọ funfun sára ògiri, tàbí kí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá síwájú èrò, fótò olóògbé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn fótò yìí kì í dúró sójú kan. Èyí á rọra máa sún mọ́ wa, ìyẹn á máa lọ sẹ́yìn, òmíràn á gba ọ̀tún kọjá sí òsì bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìta láti inú ọkọ̀ ojú irin. Orin á máa dún lábẹ́. Àwọn èèyàn á máa nu ojú.

Èmi náà máa ń nu ojú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kì í jẹ́ kí n sunkún náà tẹ́rùn. Fótò kì í rìn. Ta ló wá ń gbé e rìn? Ibo ló ń gbé e lọ? Ta ló sì fún un láṣẹ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń to fótò di fídíò, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní keyframe. Ká ní fótò kan máa lo ìṣẹ́jú àáyá 6 lójú wa. Ẹni tó ń ṣe é á fi àmì kan síbi ìbẹ̀rẹ̀, pé kí fótò náà hàn ní odidi, ìyẹn 100 nínú 100. Á tún fi àmì kejì síbi ìparí, pé nígbà tó bá di ìṣẹ́jú àáyá kẹfà, kó ti tóbi dé 150, kí ojú bàbá sì wà láàárín gbùngbùn. Ó tán. Kò ní ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló máa ṣírò ohun tó wà láàárín: tó bá di ìṣẹ́jú àáyá kẹta, fótò á ti tó 125. Fídíò tó ń lo fírémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á ní fírémù 150 nínú ìṣẹ́jú àáyá 6. Nínú 150 yẹn, 2 péré ni ọwọ́ èèyàn gbé kalẹ̀. 148 tó kù, ẹ̀rọ ló bí wọn.

Ẹ wò ó dáadáa o. Èèyàn ló yan ìbẹ̀rẹ̀, èèyàn ló yan òpin, àárín wá dà bí ohun tí kò ní olówó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àárín yẹn gan-an ni omi ojú ti ń bọ́.

Iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù kátúùnù, ọ̀gá ayàwòrán ló máa ń ya ìdúró tó ṣe pàtàkì, àwọn ọmọ iṣẹ́ á wá ya gbogbo èyí tó wà láàárín. Ní Kánádà, Nestor Burtnyk àti Marceli Wein kọ́ kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yẹn. Irinṣẹ́ wọn ni Peter Foldès fi ṣe fíìmù kékeré kan tó ń jẹ́ La Faim, tó jáde ní 1974. Ní Kánádà yìí kan náà, Colin Low àti Wolf Koenig ti ṣe City of Gold ní 1957, tí wọ́n fi kámẹ́rà rìn lórí fótò àtijọ́ nípa ìlú Dawson bí ẹni ń rìn ní àdúgbò. Ken Burns ará Amẹ́ríkà tọ ọ̀nà wọn nígbà tó ṣe fíìmù rẹ̀ lórí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, èyí tó jáde ní 1990. Nígbà tí Apple wá fi ọgbọ́n yìí sínú iMovie ní 2003, orúkọ Burns ni wọ́n fi pè é. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ProShow ni àwọn oníṣẹ́ fídíò tí mo mọ̀ fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó di pé Photodex tó ṣe é kógbá sílé ní 2020. Ní báyìí, ẹni tó bá ti ní fóònù lè fi CapCut ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Ẹnìkan á sọ pé, "Akéwì, ọ̀ṣọ́ lásán ni jàre. Kí fótò má bàa sú èèyàn ni." N ò gbà. Ẹ jẹ́ n fi ohun tí gbogbo ọmọ Ọ̀fà mọ̀ ṣàlàyé. Ìjàkadì ni orò ìlú wa. Nígbà ọdún Ònímọ́kà, Ọlọ́fà fúnra rẹ̀ máa ń bá ìjòyè rẹ̀ àgbà jà á. Ti ọba kọ́ ni mo fẹ́ sọ o, ti àwọn ọmọdé méjì tó ń ṣeré ìjàkadì nínú iyẹ̀pẹ̀ ni. Ká ní fótò wọn wà lọ́wọ́ wa. Wọ́n dìmú, kò sí ẹni tó tíì ṣubú. Fótò yẹn kò sọ ẹni tó máa dá ẹnìkejì rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń wò ó lẹ máa jiyàn lé e lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Wàyí o, gbé fótò kan náà sínú ẹ̀rọ. Bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọmọ ọ̀tún, kí ojú rẹ̀ kún gbogbo aṣọ funfun yẹn. Parí rẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ọmọ òsì. Bó ṣe ń lọ, dẹ fótò náà sí òsì díẹ̀, díẹ̀ báyìí tí ojú kò ní fura. Kí lo ṣe yẹn? O ti dá ọmọ òsì nìyẹn. O ò ya ìlà kan kún un, o ò pa nǹkan kan rẹ́, àmọ́ gbogbo òǹwòran á dìde ńlẹ̀, wọ́n á ní ọmọ ọ̀tún ló borí. O purọ́, o ò la ẹnu.

Ìdí tí mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ sísọ ni gbígbé fótò rìn nìyẹn. Fótò tó dúró máa ń fi ojú wa sílẹ̀ kó rìn bó ṣe wù ú. Èmi lè kọ́kọ́ wo bàtà, ìwọ lè kọ́kọ́ wo fìlà, ẹlòmíì lè máa wo ajá tó sùn sẹ́yìn àga. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fi keyframe gbé e, ojú gbogbo wa á máa tọ ọ̀nà kan ṣoṣo, ọ̀nà tí ẹni tí a kò rí ti là sílẹ̀. Ẹni náà ti gba ojú wa lọ́wọ́ wa fún ìṣẹ́jú àáyá 6. Ẹni tó bá gba nǹkan ẹni lọ́wọ́ ẹni, ó jẹ wá ní gbèsè kan. Gbèsè yẹn ni mo ń wá.

Nígbà ìsinmi kan, mo bá wọn ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fídíò kan. Àwọn ìdílé kan kó fótò bàbá wọn tó kú wá. Ọ̀kan nínú àwọn fótò náà dára gan-an: bàbá jókòó láàárín, ó gbé ọwọ́ lé itan, ìyálé wà lọ́tùn-ún rẹ̀, ìyàwó kékeré wà lósì, àwọn ọmọ jókòó nílẹ̀. Bọ̀dá tó kó owó wá ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Màámi, kẹ́ ẹ parí rẹ̀ sí ojú Bàbá. Ẹ má dé apá ibí yìí." Ló bá fi àtàǹpàkò bo ojú obìnrin tó wà lósì. Obìnrin yẹn ṣì wà láyé o. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa jókòó níbi ìnáwó yẹn, wọ́n á máa wo fótò tí àwọn náà wà nínú rẹ̀, wọn ò sì ní rí ara wọn.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀dá, ṣé a lè fi odidi rẹ̀ hàn ná, ká tó wá sún mọ́ Bàbá?" Ọ̀gá mi wò mí kọ́rọ́. Bọ̀dá náà ò bínú. Ó kàn rọra kó fótò rẹ̀ jọ, ó gba ṣọ́ọ̀bù iwájú lọ. Ọ̀gá ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi tilẹ̀kùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí owó tó lọ kì í ṣe kékeré.

N ò sọ èyí kẹ́ ẹ lè yìn mí. Ohun tó ń jà ràn-ìn nínú mi ni pé, ká ní bọ̀dá yẹn fa sísọ́ọ̀sì yọ, tó ní ká gé obìnrin yẹn kúrò nínú fótò, ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ pariwo. Á ní, "Ẹ̀yin, ìyàwó bàbá yín mà ni!" Sísọ́ọ̀sì máa ń fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀, ẹni tó bá rí bébà tí wọ́n gé á béèrè ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Keyframe kì í fi àpá sílẹ̀. Ó kàn yà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn ni, tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, pẹ̀lú orin aládùn. Ìwà kan náà ni méjèèjì, ẹwà ẹ̀kejì ni kò jẹ́ ká mọ̀ ọ́n ní ìwà.

Mo mọ ohun tí ẹ máa bi mí. Ṣé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń sọ ìtàn ló ń ṣà á sọ? Kódà oníkámẹ́rà tó ya fótò yẹn, ó ti yan ibi tó dojú kámẹ́rà kọ. Àwa tí à ń kọ ewì ńkọ́? Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó lè sọ ohun gbogbo tán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó ń ki oríkì, torí àwọn náà ń ṣà á sọ. Karin Barber tó gbé ní Òkukù fi odindi ìwé kan tó jáde ní 1991 ṣàlàyé oríkì, ó sì hàn níbẹ̀ pé oríkì kì í ṣe ìyìn nìkan. Oríkì a máa gbé àbùkù ìdílé lọ́wọ́ kan náà tó fi gbé ògo wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó ń ki ọ́ wà lójú rẹ. O rí ẹnu rẹ̀, o mọ ilé tó ti wá, o mọ ẹni tó fún un lówó. Tó bá fo ìyá rẹ, o lè ní kó padà sẹ́yìn, ẹlòmíì sì lè gba oríkì lẹ́nu rẹ̀ kó fi èyí tó gbàgbé kún un. Fótò tó ń rìn lára ògiri kò ní ẹnu tí a lè bá wí. Ó dà bí ẹni pé òkú fúnra rẹ̀ ló ń fi ara rẹ̀ hàn wá. Ibi tí ẹ̀tàn ti wọlé gan-an nìyẹn.

Ẹ má rò pé mo ń sọ pé kí òkú dúró jẹ́ẹ́ o. Àwa Yorùbá kọ́? Àwa tí a ní egúngún! Ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ṣe àkó fún òkú ẹni ńlá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, ọmọ ìlú náà, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1976. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sin òkú gan-an, wọ́n á gbẹ́ ère tó tóbi tó èèyàn, tó jọ olóògbé gan-an, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ olówó iyebíye, wọ́n á gbé e káàkiri ìlú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á lọ sin òun náà. Ní Ìlá Ọ̀ràngún ẹ̀wẹ̀, Stephen Sprague ará Amẹ́ríkà rí ohun mìíràn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì, wọ́n á ya èyí tó kù, oníṣẹ́ fótò á wá tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ jókòó. Bí olóògbé bá jẹ́ obìnrin tí èyí tó kù jẹ́ ọkùnrin, ọmọ náà á wọ aṣọ ọkùnrin kí wọ́n yà á, á tún wọ aṣọ obìnrin kí wọ́n tún yà á.

Ṣé irọ́ ni àwòrán ìbejì yẹn? Ojú kan náà ni wọ́n fi ṣe ojú méjì! Síbẹ̀, n ò lè pè é ní irọ́, torí kò sí ẹni tí wọ́n fẹ́ tàn jẹ. Ìyá ọmọ mọ̀, oníṣẹ́ fótò mọ̀, ará ilé mọ̀. Àkó náà, gbogbo Ọ̀wọ̀ mọ̀ pé igi ni. Egúngún, aṣọ ló bò ó. Kò sọ pé ojú bàbá rẹ nìyí, ó ní ará ọ̀run ni òun. Ẹ tún wo ti àkó lẹ́ẹ̀kan sí i: wọ́n gbé e rìn, wọ́n sì sin ín. Àwọn àgbà mọ̀ pé ohun tí èèyàn bá gbé rìn gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n máa gbé e kalẹ̀. Ohun tó sọ gbígbé yẹn di iyì ni pé ọwọ́ tó ń gbé e wà ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá kọjá keyframe báyìí. Ní oṣù kejì ọdún 2021, iléeṣẹ́ MyHeritage gbé ohun kan jáde tí wọ́n pè ní Deep Nostalgia. O fún un ní fótò ẹni tó ti kú, ojú inú fótò á ṣẹ́jú, á yí ọrùn, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà yẹn, iléeṣẹ́ náà fúnra wọn ní àwọn ò fi ọ̀rọ̀ sísọ kún un, kí àwọn èèyàn má bàa fi ṣe ìṣekúṣe. Ṣùgbọ́n ibo ni ẹ̀rín yẹn ti wá? Ara fídíò àwọn ẹlòmíì tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ẹlòmíì ló yí ọrùn, tí wọ́n wá fi ọrùn bàbá rẹ tẹ̀ lé e. Pẹ̀lú keyframe, fírémù ni ẹ̀rọ ń bí. Níbí, ìwà ló ń bí. Ọ̀nà tí bàbá rẹ fi ń rẹ́rìn-ín, bóyá ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló máa ń lò, bóyá kì í tilẹ̀ rẹ́rìn-ín níwájú kámẹ́rà rárá, gbogbo ìyẹn ti di ohun tí wọ́n fi ti àlejò rọ́pò.

Ẹ má jẹ́ ká fi ọmọ òrukàn ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú kó tó mọ ojú rẹ̀, tó wá rí i tó ṣẹ́jú sí i lórí fóònù, èmi ò ní já fóònù yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtùnú ni, ìtùnú ò sì pọ̀ láyé. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹnìkan sọ fún un pé, "Fótò yìí ni bàbá rẹ. Ẹ̀rín yìí kì í ṣe tirẹ̀." Torí pé ojú máa ń kọ́ ọkàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal kọ ọ́ ní 2001 pé ọ̀rọ̀ náà àwòrán tan mọ́ à-wò-rántí, ohun tí à ń wò ká lè rántí. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá yí àwòrán, ìrántí ló yí. Ọmọ tó ti wo ẹ̀rín àlejò nígbà ọgọ́rùn-ún á rántí rẹ̀ bí ẹ̀rín bàbá rẹ̀, ẹni tó mọ bàbá náà gan-an á wá di òpùrọ́ lójú ọmọ.

Ibi tí mo dúró sí nìyí. Ẹ gbé fótò rìn, ó dára, ó ń tu èèyàn nínú. Ṣùgbọ́n gbèsè tí mo ń wá láti ẹ̀ẹ̀kan, mo rò pé mẹ́ta ni. Èkíní, kí ẹ jẹ́ ká rí odidi fótò kí ẹ tó gbé wa wọ inú rẹ̀, tàbí kí ẹ parí rẹ̀ sórí odidi, kí ẹni tó jókòó sí etí bébà lè rí ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 2 péré ló máa ná yín. Èkejì, kí ìrìn yẹn má sọ ohun tí fótò kò sọ. Ẹni tí kò ṣubú, ẹ má dá a. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá mú ojú òkú rìn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ ló ń ṣe é, kí ẹ sì kọ orúkọ ara yín sí ìparí fídíò. Ẹni tó ń ki oríkì kì í fi ojú pamọ́.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òkú ti dákẹ́, kò lè ní "ìyàwó mi kejì dà?", kò lè ní "ẹ̀rín mi kọ́ nìyẹn." Ẹni tó ń ṣe fídíò nìkan ló lè gbà á sọ. Tó bá di ti bọ̀dá tó kó owó wá, mo mọ̀ pé ebi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọ etí, pàápàá fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń fi irú iṣẹ́ yìí wá owó ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ máa bi í ní ìbéèrè yẹn náà, kódà tó bá máa gba ṣọ́ọ̀bù iwájú lọ.

Orí ìwé ìkéde òkú, ọjọ́ méjì là ń kọ, ọjọ́ tí wọ́n bí i àti ọjọ́ tó kú. Àmì méjì náà nìyẹn, bíi ti keyframe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ́ ló gbé àárín ti olóògbé fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ rìn ín, pẹ̀lú ìyálé, pẹ̀lú ìyàwó kékeré, pẹ̀lú gbogbo ọmọ tó jókòó nílẹ̀. Bí a bá fẹ́ tún un rìn fún un, ẹ jẹ́ ká gba ibi tó gbà.